Ibùsùn Wà Nítòsí: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Káńsù Káúńtì Kent

Sí olórí Káńsù Káúńtì Kent, sí kánsẹ́lọ̀ tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti sí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó ṣèpàdé ní Maidstone.

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí kò ní òbí tó lè tọ́jú wọn, tí ìtọ́jú wọn bọ́ sọ́wọ́ káńsù, ni mo bá wá.

Ẹ má bínú pé Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Àìmọye lẹ́tà ìjọba ló ń wọlé wa tó ní ìlà kan lẹ́yìn, ní oríṣiríṣi èdè, pé ẹni tí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kó pè, wọ́n á bá a tú u. Ó ti pé ọdún méjìlélógún tí mo ti ń rí ìlà yẹn. Lónìí, ẹ̀yin náà ẹ wá ẹni tí yóò bá yín tú tèmi. Ìdí tó jinlẹ̀ jùyẹn lọ ni pé ẹ̀yin nìkan kọ́ ni mò ń bá wí. Àwọn ará mi ní Dartford, ní Gravesend, ní Ashford, àti ní òdìkejì odò ní Grays, ń kà á lọ́wọ́ báyìí. Ọ̀rọ̀ tiwọn ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ohun tó mú mi gbé bírò rèé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan nígbà òtútù, màmá ọ̀rẹ́ ọmọ-ọmọ mi dákú níbi iṣẹ́, ọkọ̀ aláìsàn gbé e lọ. Ìyá àti ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n nínú ilé, ọmọ náà jẹ́ ọdún mẹ́tàlá. Ó ti sùn lọ́dọ̀ wa tó ìgbà ogún; sálúbàtà rẹ̀ kan kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo pe àwọn sóṣà, àwọn òṣìṣẹ́ káńsù tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ, ní aago mẹ́fà, mo ní kí wọ́n jẹ́ kó wá sùn sílé mi. Obìnrin tó gbé fóònù sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Ó ní n kì í ṣe ẹbí, wọn ò tíì yẹ̀ mí wò, ó di ọjọ́ Ajé. Ní aago mẹ́wàá àbọ̀ alẹ́ wọ́n gbé e lọ sí ilé kan létí òkun, ìrìn wákàtí kan àti ààbọ̀ sí ibi tí mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì dè é.

Láílọ́ọ̀nù dúdú méjì ni wọ́n kó aṣọ rẹ̀ sí, irú èyí tí a fi ń da ìdọ̀tí nù. Ọ̀kan ya níbi tí wọ́n ti ń gbé e sínú ọkọ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tó fi ń bo irun sùn bọ́ sínú omi òjò, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó jẹ́, wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi ni mo lọ mú un níwájú ilé wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún lẹ́yìn náà, nígbà tí ara màmá rẹ̀ yá, ni mo tó rí i fún un.

Káńsù tó ṣe èyí kì í ṣe yín. Ìhà Lọ́ńdọ̀nù ni ìyá àti ọmọ ń gbé, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n inú káúńtì yín ni wọ́n gbé e wá, bí àwọn káńsù mìíràn ṣe ti kó ọmọ tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ wá síbí. Ẹ ti ń pariwo ìyẹn tipẹ́, ẹ sì jàre. Àmọ́ ẹ̀yin náà ní tiyín, ẹ jẹ́ kí n tò ó.

1. Ilẹ̀kùn tí ẹ tì. Dover wà ní ìkáwọ́ yín, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ tí wọ́n dá nìkan gba orí omi wá láti ilẹ̀ Faransé ti ń gúnlẹ̀. Òfin àwọn ọmọdé ti 1989, abala 20, kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: ọmọ tí kò ní ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀, tó bá ti wà lórí ilẹ̀ yín, ẹ̀yin lẹ máa fún un nílé. Ní oṣù Kẹjọ 2020, ẹ ní ilé ti kún, ẹ ò gbọmọ mọ́. Ní oṣù Kẹfà 2021, ẹ tún sọ bẹ́ẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wọ̀lú, bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn sí òtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2023, mínísítà kan dìde ní ilé aṣòfin, ó ní ọmọ 4,600 ló ti gba àwọn òtẹ́ẹ̀lì yẹn kọjá, ìgbà 440 ni ọmọ ti dàwátì níbẹ̀, 200 nínú wọn ni wọn ò sì tíì rí.

Igba ọmọ. Ká ní igba àgùntàn ló sọnù ní ilẹ̀ àbàtà Romney Marsh, ẹrẹ̀ ì bá ti dé orókún gbogbo ọlọ́pàá Kent.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje 2023, Adájọ́ Chamberlain ní ilé ẹjọ́ gíga dá ẹjọ́ tí ECPAT UK, ẹgbẹ́ tó ń gbèjà àwọn ọmọdé, pè. Ó ní òtẹ́ẹ̀lì tí Home Office sọ di àṣà kò bófin mu, ó sì ní ẹ̀yin náà rú òfin nígbà tí ẹ ò gba gbogbo ọmọ tó gúnlẹ̀. Mo gbọ́ àwíjàre yín pé àwọn káńsù yòókù ò bá yín gbé ẹrù náà. Òótọ́ ni. Ètò pínpín àwọn ọmọ káàkiri ti wà láti 2016, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wù ló ń ṣe é, àfi ìgbà tí 2021 ń parí lọ ni wọ́n tó sọ ọ́ di dandan. Ẹrù yín wúwo ju ti ẹlòmíràn lọ, n kò sẹ́. Kí wá ni ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí omi òkun ò tíì gbẹ lára rẹ̀ ṣe, tí òun ni yóò fi ara gba ìjà àwọn àgbà?

Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024 wọn ò lo òtẹ́ẹ̀lì yẹn mọ́, ẹ sì ti ṣí àwọn ilé tuntun tí ẹ fi ń gba àwọn ọmọ náà. Mo yìn yín fún ìyẹn. Ohun tí mo ń fẹ́ báyìí ni ìwé: ẹ kọ ohun tí ẹ máa ṣe lọ́jọ́ tí ilé bá tún kún, kí gbogbo ìlú rí i, kí ọjọ́ náà tó dé. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti ti ilẹ̀kùn.

2. Ẹni tó mọ ọmọ. Obìnrin tó ní n kì í ṣe ẹbí kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ òfin tán. Abala 22C nínú òfin 1989 yẹn kan náà ní kí káńsù tó lọ bá àjèjì, ẹbí, ọ̀rẹ́ tàbí ẹni tó ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọmọ ni kó kọ́kọ́ wò. Kó jẹ́ kí ọmọ wà nítòsí ilé rẹ̀, kó má da ẹ̀kọ́ rẹ̀ rú, kó má ya ọmọ ìyá nípa bó bá ti ṣeé ṣe mọ. Ìlànà 24 nínú àwọn ìlànà ìtọ́jú ọmọ ti ọdún 2010 wá fi ọ̀nà sílẹ̀ fún pàjáwìrì: ẹni tó bá mọ ọmọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ ìdílé lásán, wọ́n lè fọwọ́ sí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ. Wọ́n á wá wo ilé, wọ́n á bá ọmọ sọ̀rọ̀, wọ́n á wádìí ẹni tó ń gbé níbẹ̀, ọ̀gá kan á fọwọ́ sí i. Èmi tí mò ń sọ yìí, ilé ìwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìwé àyẹ̀wò ọlọ́pàá mi wà nínú dúrọ́ọ̀.

Ìbéèrè mi sí yín kò ṣòro. Ní aago mẹ́jọ alẹ́ Jímọ̀, ẹni mélòó ló wà lẹ́nu iṣẹ́ ní gbogbo Kent tó láṣẹ láti fọwọ́ sí Ìlànà 24? Ẹ fún mi ní iye wọn. Mo ní ìdí tí mo fi ń bi yín ní ti alẹ́ Jímọ̀: àìsàn, ìjà àti ọlọ́pàá kì í dúró de ọjọ́ Ajé.

Bí ẹ bá sì gbé ọmọ fún ìyá àgbà tàbí àbúrò bàbá tí ẹ fọwọ́ sí bí alágbàtọ́, ẹ má sọ pé torí ẹbí ni, kó gba ìdajì owó tí ẹ ń fún alágbàtọ́ tó jẹ́ àjèjì. Ní 2001 ni ilé ẹjọ́ ti dá káńsù Manchester lẹ́bi lórí ìyẹn. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ kì í jẹun kéré ju èyí tó wà lọ́dọ̀ àjèjì.

3. Àbẹ̀wò tí kò gòkè. Èyí kàn mí lára, ẹ ní sùúrù fún mi.

Ní 1968, bàbá mi ń kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó, màmá mi ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, onílé sì ti ní òun ò fẹ́ ariwo ọmọdé. Wọ́n ṣe ohun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ṣe láyé ìgbà yẹn, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn: wọ́n wo ìpolówó nínú ìwé ìròyìn, wọ́n gbé mi fún ìyá òyìnbó kan ní ìlú kan létí òkun. Kì í ṣe káúńtì yín. Pọ́n-ùn mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ọmọ ọdún méjì ni mí, ọdún mẹ́fà ni mo sì lò níbẹ̀.

Nanny ni à ń pe obìnrin náà. Kì í ṣe ìkà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, torí àwọn kan tí a jọ dàgbà lásìkò yẹn rí ìkà. Nanny máa ń gé etí búrẹ́dì kúrò fún mi, ó sì sunkún lọ́jọ́ tí mo ń lọ. Ṣùgbọ́n kò mọ irun mi í ṣe. Nígbà tó sú u, ó fi sísọ́ọ̀sì gé e mọ́lẹ̀. Ara mi a funfun bí ẹni tó bọ́ sínú èlùbọ́, kò mọ̀ pé ìpara ló fẹ́. Ó ní orúkọ mi le, ó sọ mí di Josie.

Òpin oṣù ni màmá mi máa ń wọ rélùwéè wá, pẹ̀lú ìrẹsì nínú agolo bisikíìtì. Lọ́jọ́ kan tí mo ti tó ọmọ ọdún márùn-ún, ó dúró lẹ́nu géètì, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń pe, “Àjọkẹ́. Àjọkẹ́ mi.” Mo bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ló ń bọ̀. Mo wá bi Nanny, ní Gẹ̀ẹ́sì, pé ta ni ìyá dúdú yẹn. Màmá mi gbọ́ ọ. Títí tó fi kú, kò mẹ́nu bà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn ìsìnkú pé ó sunkún nínú ọkọ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù.

Òfin ti wà nígbà náà pé kí káńsù máa bẹ irú wa wò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rántí. Ọkùnrin oníkóòtù kan wá, ó jókòó ní pálọ̀, ó mu tíì, ó jẹ kéèkì. Àwa ọmọ mẹ́rin la wà lókè nínú yàrá kan, méjì méjì lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò gòkè. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ń wo bàtà rẹ̀ láàárín àwọn ọ̀pá igi. Kò béèrè orúkọ mi. Ká ní ó tiẹ̀ béèrè, Josie ni ǹ bá pè é.

Ẹ ó ní ayé àtijọ́ nìyẹn. Òfin ti òní dára ju tìgbà yẹn lọ, ẹ̀rí wà: abala 22 nínú òfin 1989 ní kí káńsù ro ti ẹ̀sìn ọmọ, ẹ̀yà rẹ̀, àṣà rẹ̀ àti èdè rẹ̀ kó tó pinnu ohunkóhun lórí rẹ̀. Àmọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn wà nínú omi òjò ní ọdún tí a wà yìí. N kò ní kí ẹ má gbé ọmọ dúdú fún òyìnbó. Ọmọ tó nílò ilé lálẹ́ yìí kò lè dúró de ẹni tó bá awọ rẹ̀ mu. Ohun tí mo ní kí ẹ ṣe ni pé, láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ rán ẹnìkan sí alágbàtọ́ náà tí yóò fi irun hàn án, ìpara, oúnjẹ, ààwẹ̀ tó bá jẹ́ Mùsùlùmí. Ọmọ Sudan àti ti Eritrea nílò rẹ̀ bí ọmọ tiwa. Kí òṣìṣẹ́ yín tó bá sì lọ bẹ ọmọ wò dé yàrá tó ń sùn, kó bá a sọ̀rọ̀ láìsí alágbàtọ́ níbẹ̀, kí ìbéèrè kìíní nínú fọ́ọ̀mù sì jẹ́: kí ni wọ́n ń pè ọ́ nílé?

4. Owó. Ọ̀rọ̀ owó ni ẹ máa ń kọ́kọ́ gbé síta, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Ilé iṣẹ́ ayẹ̀wé-owó-wò ti ìjọba sọ ní 2025 pé ọmọ kan tó wà ní ilé ìtọ́jú ọmọ nílẹ̀ England ń ná káńsù ní £318,400 lọ́dún, ní ìṣirò ọdún 2023 sí 2024. Àjọ tó ń rí sí ìdíje òwò ti sọ tẹ́lẹ̀ ní 2022 pé àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ń ṣe òwò yìí ń jẹ èrè 22.6 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ilé ìtọ́jú ọmọ, àti 19.4 lórí ìgbàtọ́. Mo ti ta ẹja rí, mo sì mọ èrè. N kò rí ẹja tó mú èrè báyẹn wá láìjẹ́ pé ẹni tó ń rà á kò ní ibòmíràn tó lè lọ.

Ibòmíràn wà, ẹ ò kàn wá a dé ibẹ̀ ni. Mélòó nínú àwọn ìjọ wa ní Dartford àti Gravesend ni òṣìṣẹ́ ìgbàtọ́ yín ti dúró níwájú wọn rí? Mọ́ṣáláṣí ńkọ́? Ẹ wá lẹ́yìn ìsìn, ẹ má pe ìpàdé sí aago méjì ọjọ́ Ìṣẹ́gun nígbà tí gbogbo wa wà níbi iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì pọ̀ nínú wa, olùtọ́jú arúgbó pọ̀, àwọn tí ọmọ wọn ti lọ sí yunifásítì tí yàrá sì ṣófo pọ̀. Ẹ̀rù yín ló ń bà wọ́n. Orúkọ sóṣà nínú ilé Yorùbá dà bí orúkọ ọlọ́pàá, ọmọ la fi ń dẹ́rù bà: “Wọ́n á wá gbé ẹ lọ o.” Ìwé ìpolówó kò lè lé irú ẹ̀rù yẹn, àfi kí ènìyàn wá jókòó tì wá.

5. Àwọn ọmọ ọdún 16 àti 17. Kúkúrú ni mo máa sọ èyí, torí ilé ẹjọ́ tó ga jù ti sọ ọ́ tán ní 2009 nínú ẹjọ́ káńsù Southwark: ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí kò rílé sùn, ọmọ ni, kí ẹ má tì í sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ilé gbígbé bí àgbà. Láti oṣù Kẹwàá 2023 ni òfin sì ti ní kí ilé tí wọ́n ń kó wọn sí forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ofsted, àjọ ìjọba tó ń yẹ ilé ìwé àti ilé ìtọ́jú ọmọ wò. Ẹ gbé orúkọ àwọn ilé tí ẹ ń lò síwájú ìgbìmọ̀ yín, pẹ̀lú ohun tí Ofsted rí níbẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín lọ wò wọ́n kẹ́yìn.

6. Tiwa. Ẹ̀yin ará mi, mo kọjú sí yín báyìí, kí káńsù náà máa gbọ́. Ọmọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín láti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, tó ń pè yín ní àǹtí, ṣé ẹ mọ̀ pé àǹtí tiwa kì í ṣe àǹtí inú òfin? Òfin mọ ìyá àgbà àti bàbá àgbà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọmọ, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ìyá tàbí bàbá, àti ọkọ ìyá tàbí ìyàwó bàbá. Kò mọ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ìyá ọmọ. Kò mọ ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ ṣe NYSC. Tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún bá máa lo ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó pọn dandan kí wọ́n sọ fún káńsù, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó dé. Káńsù á wá wò ó láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje, á sì máa padà wá, ó kéré tán lọ́sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà ní ọdún àkọ́kọ́.

Mo mọ ohun tí ẹ ń sọ nínú. Ẹ ní ta ló fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pe wàhálà wálé? Ẹ rántí Victoria Climbié, ọmọ ilẹ̀ Ivory Coast, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejì 2000 lọ́wọ́ àǹtí bàbá rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ rò pé ilé ìwé ló ń lọ. Káńsù mọ̀ ọ́n, ọlọ́pàá mọ̀ ọ́n, ọsibítù mọ̀ ọ́n, olúkúlùkù ń ti ọ̀rọ̀ sí ẹnìkejì. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé àwa àti ẹ̀yin ará Maidstone la jọ ni ẹjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní owó àti àṣẹ, nítorí náà ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀: ẹ yan ẹnìkan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí nìkan, kó máa wá sí àárín wa, kó tó di pé ẹnìkan pe ọlọ́pàá.

Yàtọ̀ sí àwọn tí mo ti tò, ohun méjì péré ló kù. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ gbé iye ọmọ tí ẹ fi sí ibi tó jìnnà ju 20 máìlì lọ sí ilé wọn jáde, iye ọmọ ìyá tí ẹ yà nípa, àti iye ọmọ tí ẹ ti gbé kiri ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín ọdún. N kò fẹ́ orúkọ wọn, iye ni mo fẹ́. Ìkejì, ẹ ra báàgì. Báàgì gidi, tó ní síìpù, kó wà nínú bọ́ọ̀tù gbogbo ọkọ̀ sóṣà ní Kent, kí ẹ sì sọ fún gbogbo káńsù tó bá fẹ́ kó ọmọ wọ káúńtì yín pé ẹ ò fẹ́ rí láílọ́ọ̀nù dúdú níbí mọ́.

Ọjọ́ 28 ni mo fún yín láti fèsì, iye kan náà tí òfin fún àwọn àǹtí wa. Ẹ lè fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn, n ó kà á. Ibùsùn tí mo tẹ́ lálẹ́ Jímọ̀ yẹn ṣì wà ní yàrá kejì. Mo pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ láàárọ̀ yìí.

Èmi ni tiyín,
Àjọkẹ́, ní Dartford.